Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ sí Stockholm? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ṣáá, pẹ̀lú ìdáhùn wọn

Ẹ má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn, oṣù wo gan-an ni kí n lọ?

Tó bá jẹ́ pé ẹ lè mú ọjọ́ tó wù yín, ẹ lọ láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ mú ìdajì ìkẹyìn oṣù kẹjọ wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ìgbà méjèèjì yìí ni ara máa ń tu èèyàn níta, ilé oúnjẹ ṣí, ọkọ̀ ojú omi ń lọ déédéé, àwọn onílùú fúnra wọn sì wà nílé.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yan oṣù, ẹ má fi òtútù yan án. Òtútù ní oògùn, aṣọ ni, ẹ lè rà á. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ò ṣeé rà, tí ilẹ̀ bá ti ṣú kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣú nìyẹn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é.

Ṣé òtútù ibẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?

Ó le, àmọ́ kò le tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò. Stockholm wà níbi tí adágún Mälaren ti pàdé òkun Baltic, orí erékùṣù 14 ni wọ́n kọ́ ọ sí, omi tó yí i ká yìí kì í jẹ́ kí òtútù ẹ̀ burú tó ti àríwá Swídìn. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 0 tàbí 1, òru á lọ sí 3 tàbí 4 nísàlẹ̀ òdo, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó máa já wálẹ̀ dé 10 nísàlẹ̀ òdo. Oṣù kéje ló móoru jù, ọ̀sán á tó 23 tàbí 24, ó lè dé 30 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ń fi ọyẹ́ wọn òtútù wíńtà kó tètè jáwọ́. Ọyẹ́ tiwa, tí oòrùn bá ti gòkè, ó ń lọ nìyẹn, èèyàn á bọ́ súwẹ́tà. Oòrùn oṣù kìíní ní Stockholm á ràn yòò, ẹ ò sì ní mọ ooru kankan lára. Inú ilé ni kò sí wàhálà, ó móoru dáadáa, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé fún òtútù, ohun tó kàn máa sú yín ni kẹ́ ẹ máa bọ́ aṣọ kẹ́ ẹ tún máa wọ̀ ọ́ ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá yà.

Ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ ní sọ́mà?

Ó máa ń ṣú díẹ̀, kì í ṣú tán. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, oòrùn á yọ ní aago 3:30 ìdájí, kò ní wọ̀ títí aago 10 alẹ́ á fi kọjá, tó bá sì wọ̀ tán ojú ọ̀run á ṣì máa mọ́ rẹ́súrẹ́sú títí di ìgbà tó máa tún yọ. Oòrùn tí kì í wọ̀ rárá, ti ìlú Kiruna ní àríwá Swídìn lókè lọ́hùn-ún nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò Kiruna ta tíkẹ́ẹ̀tì Stockholm fún yín.

Ẹ ra ìbòjú ìsùn dání, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì bóyá kọ́tínnì wọn nípọn. Ẹni tó bá ń kó ọmọ kékeré lọ, kó mọ̀ pé ọmọ ò ní gbà pé alẹ́ ti lẹ́ nígbà tó ń rí oòrùn lójú fèrèsé.

Wíńtà ńkọ́, báwo ni òkùnkùn ẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago 8:45 àárọ̀, á sì wọ̀ kó tó di aago 3 ọ̀sán. Wákàtí 6 péré. Ó máa ń ya ará Èkó lẹ́nu torí pé ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún ò tó wákàtí kan. Ayé ló tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń yí oòrùn po, ibi tó sún mọ́ àárín ayé bíi tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ Stockholm ti lọ sókè pátápátá, ó lé díẹ̀ ní dígírì 59 sí àríwá, nígbà sọ́mà apá ibẹ̀ á kọjú sí oòrùn, nígbà wíńtà á yí kúrò.

Lójú tèmi, oṣù kọkànlá ló burú jù nínú gbogbo ọdún. Ewé ti wọ́ tán, òjò wínníwínní ń rọ̀, iná Kérésì ò tíì tàn, yìnyín tí ì bá jẹ́ kí ilẹ̀ funfun náà ò tíì dé. Oṣù kejì sàn jù ú lọ fíìfíì bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ẹ̀ le jù, torí ìmọ́lẹ̀ ti ń padà bọ̀, tó bá fi máa di àárín oṣù náà, ojúmọ́ á ti lé ní wákàtí 9.

Mo rí fọ́tò òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà wo nìyẹn?

Kungsträdgården ni, àárín ìlú gan-an. Ìparí oṣù kẹrin ni àwọn igi ṣẹ́rì ibẹ̀ máa ń tanná, ó lè wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, òtútù ọdún náà ló máa sọ. Kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan pilẹ̀ ìrìn àjò.

Oṣù kẹrin fúnra ẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Oòrùn á yọ, àwọn ará ibẹ̀ á jókòó síta tàwọn ti kọfí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà á rò pé sọ́mà ti dé, lọ́jọ́ kejì yìnyín á bọ́. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n ń dáná ńlá níta láti fi lé wíńtà lọ, Valborg ni wọ́n ń pè é, ó dáa láti wò.

Oṣù kéje àti oṣù kẹjọ nìkan làwọn ọmọ mi gba ọlidé, ṣé kí n fi Stockholm sílẹ̀ ni?

Rárá o, ẹ lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè mú oṣù kẹjọ, ẹ fi oṣù kéje sílẹ̀. Ní oṣù kéje, àwọn ará Stockholm fúnra wọn ti kó lọ sí ilé wọn létí omi tàbí nínú oko, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tó dáa jù á lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé ó di oṣù kẹjọ, èyí tó kù ní ìlú ni àwa àlejò tá a jọ ń tò sórí ìlà kan náà níwájú musíọ́mù ọkọ̀ ojú omi Vasa. Oṣù méjèèjì yìí náà ni òjò ń rọ̀ jù lọ́dún, kò tó òjò tiwa, àmọ́ ẹ mú agboòrùn.

Fún ọmọdé ó dùn gan-an ni. Skansen wà níbẹ̀ láti 1891, àwọn ilé àtijọ́ láti gbogbo ilẹ̀ Swídìn ni wọ́n kó jọ síbi kan, béárì àti ìkookò wà níbẹ̀ (béárì máa ń sùn ní gbogbo wíńtà o, ẹni tó bá torí béárì lọ ní oṣù kìíní ò ní rí wọn). Gröna Lund, ọgbà eré tó ti wà láti 1883, ò jìnnà sí i. Ọkọ̀ ojú omi Vasa tó rì ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1628, ní ìrìn àjò ẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n fà jáde nínú omi ní 1961, wà nínú musíọ́mù tiẹ̀, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kì í sanwó. Omi tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ láàárín ìgboro, bíi ti Långholmen, ọ̀fẹ́ ni.

Kí ló dé tí wọ́n ní kí n yẹra fún Midsommar?

Torí pé ìlú á dá páropáro. Midsommar ni ọdún tí wọ́n fi ń yọ̀ sí àárín sọ́mà. Ọjọ́ Jimọ̀ tó bá bọ́ sáàárín ọjọ́ 19 sí 25 oṣù kẹfà ni, òun ló tóbi jù fún wọn lẹ́yìn Kérésì, gbogbo èèyàn á sá lọ sí oko, ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ á tì. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan níbẹ̀ tó lè mú yín dání, ẹ bá a lọ, ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ẹnikẹ́ni, Skansen máa ń ṣe é fún gbogbo ayé, wọ́n á gbé òpó tí wọ́n fi ewé wé dìde, wọ́n á máa jó yí i ká.

Ṣé Kérésì ló yẹ kí n lọ ni?

Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá sí nǹkan bí ọjọ́ 22, bẹ́ẹ̀ ni. Òkùnkùn á wà, àmọ́ àsìkò yìí nìkan ni òkùnkùn náà máa ń wúlò, torí ìràwọ̀ bébà àti iná wà lójú fèrèsé gbogbo ilé. Ọjà Kérésì wà ní Stortorget nínú Gamla Stan, ìyẹn ìlú àtijọ́, òmíràn wà ní Skansen. Ọjọ́ 13 ni ti Lucia, àwọn ọmọbìnrin á wọ aṣọ funfun, ẹni tó ṣáájú á gbé adé àbẹ́là sórí, wọ́n á máa kọrin bọ̀ nínú òkùnkùn, ó máa ń wọ èèyàn lákínyẹmí ara.

Ẹ má dúró di ọjọ́ 24 kẹ́ ẹ tó dé o. Ọjọ́ 24 gan-an ni wọ́n ń ṣe ọdún tiwọn, inú ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe é pẹ̀lú ẹbí, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á tì lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì, ẹ ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì ẹ ó máa jẹ bísíkíìtì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó bá ń lọ mọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ni wọ́n ń pín ẹ̀bùn Nobel, torí ọjọ́ yẹn ni Alfred Nobel kú ní 1896. Ní Stockholm yìí, lọ́jọ́ yẹn ní 1986, ni Wọlé Ṣóyínká ti gba ti lítíréṣọ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ayẹyẹ náà ò ṣí fún àwa tí wọn ò pè, àmọ́ musíọ́mù Nobel wà ní Stortorget lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kérésì yẹn, wọ́n sì máa ń mú èèyàn yí Stadshuset ká, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ kó àwọn ọmọ yín débẹ̀, ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn.

Mo fẹ́ rí yìnyín, ìgbà wo ló dájú?

Kò sí ìgbà tó dájú ní Stockholm. Oṣù kìíní ìparí, oṣù kejì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ìgbà yẹn lẹ ti lè rí i jù, àmọ́ ó lè bọ́ lálẹ́ kó sì ti yọ́ di omi ẹlẹ́gbin lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ pé yìnyín lẹ torí ẹ̀ ná owó, ẹ lọ sí àríwá, Kiruna tàbí àyíká ẹ̀, tírénì alẹ́ ń lọ láti Stockholm.

Àwọn iná aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run ńkọ́, ṣé mo lè rí i ní Stockholm?

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹ má gbára lé e. Abisko àti Kiruna ni ibi tó yẹ, láti oṣù kẹsàn-án sí ìparí oṣù kẹta, ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, ẹ sì fún un ní ó kéré tán alẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kéje ò lè rí i rárá, torí kò sí òkùnkùn.

Wọ́n ní kí n má padà láìdé àwọn erékùṣù, ìgbà wo ni ọkọ̀ ojú omi ń lọ?

Nǹkan bí erékùṣù 30,000, ńlá àti kékeré, ló wà níwájú Stockholm, èmi gan-an ka apá yìí sí ohun tó dùn jù níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ lọ́dún yípo, àmọ́ tí kì í bá ṣe sọ́mà iye tó ń lọ á dín kù, ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lórí erékùṣù á sì tì. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni gbogbo ẹ̀ ṣí. Ẹ lọ sí Vaxholm tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan péré, ó tó nǹkan bíi wákàtí kan lórí omi, bọ́ọ̀sì 670 náà ń débẹ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rù omi. Grinda àti Sandhamn ni kẹ́ ẹ lọ tẹ́ ẹ bá ní àyè.

Ẹ kíyè sí eégbọn nínú koríko gíga, láti ìgbà ìrúwé dé ìgbà ìwọ́wé. Ó lè kó àìsàn ran èèyàn, àwọn ará ibẹ̀ máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀kan nínú ẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ yẹ ara yín wò lálẹ́.

Ìgbà wo ló dínwó jù?

Oṣù kọkànlá, àti láti àárín oṣù kìíní wọ oṣù kẹta. Ẹ yẹra fún ìparí oṣù kejì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta tẹ́ ẹ bá fẹ́ fò lọ sí àríwá, torí ọ̀sẹ̀ yẹn làwọn ọmọ iléèwé Stockholm gba ọlidé eré yìnyín. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àwọn oníṣòwò máa ń wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, ó lè já wálẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ àti ní oṣù kéje tí àwọn yẹn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi ọjọ́ wéra kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìgbà yòówù kẹ́ ẹ lọ, oúnjẹ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ jẹ yó. Láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, nǹkan bí aago 11 sí 2, ilé oúnjẹ púpọ̀ máa ń ta oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú sàláàdì, búrẹ́dì àti kọfí ní owó kan ṣoṣo tó kéré sí ti alẹ́ dáadáa. Owó krona ni wọ́n ń ná, kì í ṣe yúrò, ibi púpọ̀ ò sì gba owó bébà mọ́, káàdì nìkan.

Nígbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fisà?

Fisà Schengen ni, ìyẹn fisà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Òfin wọn gba kẹ́ ẹ kọ̀wé béèrè láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ má dúró di ọjọ́ 15 yẹn jàre, ìdáhùn lè gba ọjọ́ 45, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ rí òṣìṣẹ́ wọn gan-an lè má tètè bọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ lọ ní oṣù kẹfà, kó ti fi ìwé sílẹ̀ ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Owó àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, ìbánigbófò (inṣọ́ránsì) ìlera ìrìn àjò sì gbọ́dọ̀ gbé tó yúrò 30,000.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, tó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, fisà ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì ò gbé yín dé Swídìn, ẹ gbọ́dọ̀ gba Schengen. Ẹni tó ní green card Amẹ́ríkà náà bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí n dì sínú báàgì?

Fún sọ́mà: súwẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí omi ò lè wọ̀, bàtà tó rọrùn láti fi rìn. Fún wíńtà, aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe kóòtù ńlá kan: èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, ti wúlù dáa jù, súwẹ́tà tẹ̀ lé e, jákẹ́ẹ̀tì tó ń dí afẹ́fẹ́ wá bò ó. Bàtà yín gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ kí ìbọ̀sẹ̀ wúlù lè wọ inú ẹ̀, tí bàtà bá fún, ẹsẹ̀ á dì.

Ẹ mú òrí dání. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ètè á là, ọwọ́ á funfun, kò sí ìpara tó tó òrí. Ẹ̀yin obìnrin, fìlà wúlù máa ń gé irun, ẹ fi fìlà sátíìnì sábẹ́ ẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, ṣé ìgbà tí mo bá lọ ní í ṣe pẹ̀lú ìrun àti ààwẹ̀?

Ó ní í ṣe púpọ̀. Ní oṣù kẹfà, òkùnkùn tí wọ́n fi ń mọ àkókò ìṣáì kì í dé tán, Mọ̀gáríbì á lé ní aago 10 alẹ́, Sùbúì á tún ti súnmọ́. Mọ́sálásí ńlá tó wà ní Medborgarplatsen, tí wọ́n ṣí ní 2000, ní àtẹ àkókò tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹ lo tiwọn, ẹ má lo ti áàpù tí ẹ gbé wá láti ilé láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Nígbà tó bọ́ sí oṣù kẹfà ní 2016, àwọn tó wà níbẹ̀ gba ààwẹ̀ tó súnmọ́ wákàtí 20. Ní báyìí ó ti ń wọ wíńtà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2030 wọ́n á máa ṣínu ní nǹkan bí aago 3 sí 4 ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gba ààwẹ̀ pẹ̀lú ẹbí tó wà níbẹ̀, àwọn ọdún yìí ló rọrùn jù.

Màmá mi ti dàgbà, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ wá wo ọmọ ọmọ wọn. Ìgbà wo ni kí wọ́n wá?

Ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Òtútù kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún wọn, omi tó dì sórí títì ni. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹta, yìnyín á yọ́ lọ́sàn-án, á tún dì lóru, ibi tó dà bíi pé ó tutù lásán á ti di gíláàsì, àwọn ọmọ ìlú gan-an ń ṣubú. Wọ́n máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kì í kárí ibi gbogbo.

Tó bá jẹ́ pé wíńtà náà ni ọmọ máa bí, tí ìyá gbọ́dọ̀ wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ ra irin kéékèèké tí wọ́n ń fi sábẹ́ bàtà, ṣọ́ọ̀bù bàtà ń tà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ dánwò nínú ilé kí wọ́n tó jáde. Ẹ má mú wọn rin Gamla Stan gùn, òkúta ni títì ibẹ̀, ó ń gọ́ orúnkún. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà ní ibùdó tírénì abẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó. Ẹ sì máa mú wọn jáde láàárín aago 11 sí 1 lójoojúmọ́ kí oòrùn rí wọn lójú, ìyá tó bá jókòó sílé nínú òkùnkùn yẹn fún oṣù mẹ́ta, inú wọn á bàjẹ́ láìmọ ohun tó fà á.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kọkànlá, wọn ò dá owó padà, kí ni ṣíṣe?

Tí wọ́n bá gbà yín láyè láti yí ọjọ́ padà, ẹ tì í lọ sí ìparí oṣù náà, torí ọjọ́ Àìkú kẹrin ṣáájú Kérésì ni iná àti ìràwọ̀ máa ń jáde sójú fèrèsé, ọ̀sẹ̀ kan péré lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Tí kò bá ṣeé yí, ẹ jí ní kùtù, ẹ fi gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ṣe nǹkan ìta, Djurgården (erékùṣù tí Skansen àti Vasa wà) àti etí omi àdúgbò Södermalm, ẹ fi Vasa, Fotografiska (musíọ́mù fọ́tò) àti àwọn musíọ́mù yòókù sí lẹ́yìn aago 3. Ìlà ò ní sí, ẹ ó dúró níwájú Vasa bó bá ṣe wù yín láìsí ẹni tó ń tì yín.

Ẹ tún fi ìrọ̀lẹ́ kan wo ibùdó tírénì abẹ́ ilẹ̀. Ibùdó 100 ni, àwọn ayàwòrán ti kun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ní àwọn kan, àpáta gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n kùn. T-Centralen búlúù, Solna centrum pupa, Stadion ní òṣùmàrè, Kungsträdgården sì dà bí ihò inú ilẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 75, tẹ́ ẹ ò bá jáde síta ó tó láti rí bíi mẹ́rin nínú wọn, kò sí òjò, kò sí òtútù níbẹ̀.